Eré Òkúta Tí Àparò Kọ́ Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Àlọ́ o! Ẹ dáhùn kó dún: Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àparò àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣeré òkúta nínú oko ẹ̀pà. Ìyá á dá orin, àwọn ọmọ á gbè é. Ẹ bá mi gbè é:

"Ta ló máa di òkúta?"
"Èmi ni!"

Ẹni tó bá mira ti pàdánù.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rí òjìji Àṣá. Ó yára kọrin eré wọn. Àwọn ọmọ ṣebí eré ni, wọ́n ba mọ́lẹ̀ bí òkúta. Àṣá yípo lẹ́ẹ̀kan, ó yípo lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin ọmọ Àparò, ẹ má mí o! Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àbíkẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ dìde!"

Méjì dìde. Àbíkẹ́yìn ò mira. Ìyá sáré lọ bá a.

"Ọmọ mi!"

Ọmọ náà rọra la ojú kan: "Màámi, ṣé èmi ni mo borí?"