Ẹsẹ̀ Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè

Ọkùnrin oníkòkó kan wà lábúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sọ fún wọn pé ohùn kan yóò máa pe aláboyún lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní èdè Yorùbá, láti sọ ohun tó yẹ kó máa ṣọ́ lára rẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún òun. Kó tó lanu, ọkọ ti ka tirẹ̀.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, èmi ni olórí ilé. Ohun tó bá kan ilé mi, èmi ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́.”

Fóònù kékeré ti ìyàwó wà nínú báàgì rẹ̀, iná sì kún inú rẹ̀.

Ẹ má rò pé aláìbìkítà ni ọkùnrin yìí. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Oko ni ìpè náà máa ń bá a, yóò sì gbé ohùn rẹ̀ sókè kí àwọn tí wọ́n jọ ń fọ́ kòkó lè gbọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Dókítà, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Lójú tirẹ̀, bí òun ti gbọ́, ilé ti gbọ́ náà nìyẹn.

Nílé, ẹsẹ̀ ìyàwó ń wú. Orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Àwọn ìyá àdúgbò ní ara ló ń dára sí i, pé oyún gbà á. Kò sọ fún ọkọ, kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń kẹ́ ara òun jù.

Lọ́jọ́ kan, fóònù dún lóko. Ohùn náà ní, “Ìyá wa, bí ẹsẹ̀ tàbí ojú yín bá ń wú, tí orí ń fọ́ yín, tẹ́ ẹ ò sì ríran dáadáa, ẹ má dúró o. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí.” Dókítà bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kò tiẹ̀ gbójú sókè níbi kòkó tó ń fọ́.

“Ẹsẹ̀ ìyàwó tìẹ ńkọ́?”

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Ó ju àdá sílẹ̀, ó sáré délé, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì kún padà. Ọ̀kadà ló fi gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó pe ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Nígbà tí wọ́n gbé Fọlákẹ́, ọmọ tuntun náà, padà wá dúpẹ́, ọkọ ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nọ́ńbà mi rẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Rárá, Bàbá Fọlákẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kí tèmi ṣáájú ni.”

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn aya rẹ, mo sì mọ̀ pé nọ́ńbà rẹ ló wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba ẹ̀mí rẹ̀ là kò lè ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí létí rẹ. Dìde báyìí, lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.