Ohun Tí Àrọ̀ Ń Wí Lábẹ́ Omi

Nígbà láéláé, kí ọ̀rọ̀ tó dáyé, ìró kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko ní: "Hùn." Bí ebi bá ń pa wọ́n, hùn. Bí wọ́n bá ń kí ara wọn, hùn. Lọ́jọ́ tí iná ń jó igbó bọ̀, Ẹtu sáré kiri, ó ń ké, "Hùn! Hùn!" Àwọn ará ilé Òkété rò pé ó ń kí àwọn ni. Wọ́n jókòó, wọ́n dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú wọn, àwọn ẹranko tọ Àrọ̀ lọ lódò pé kó bá àwọn ṣe ohùn. Òun ni ẹja tó ní irùngbọ̀n, wọ́n sì gbà pé onírùngbọ̀n kò lè gọ̀. "Hùn," ni wọ́n wí fún un. Ó pẹ́ kó tó yé e.

Àrọ̀ ṣa ìró níbi tí omi ti ń kọlu òkúta, àti níbi tí ẹyìn ti ń já sódò. Ó gbé àwọn kan sókè, ó rẹ àwọn kan sílẹ̀, ó fi ìyókù sí àárín. Èyí tó rọ̀ jù lọ, ó tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ọdọọdún ni àgbàrá ń gbé nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Èyí ni yóò máa fi pè wọ́n padà.

Ó kó àwọn ìró yòókù sínú apẹ̀rẹ̀, ó wá ń pín wọn. Ẹni tó bá ń pín nǹkan, òun ló ń mú kẹ́yìn: òfin tí òun fúnra rẹ̀ kà sí wọn létí nìyẹn.

Kọ̀ǹkọ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà. Nígbà yẹn ó nírù, kò lẹ́sẹ̀, bí ọmọ ẹja gẹ́lẹ́. Nígbà tí ìpín fẹ́ parí, ó tún dé. Kò nírù mọ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin tọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá gba tèmi."

Ohùn ló fi ń tọrọ ohùn. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni, ojú kò tíì là sí ìwà rẹ̀.

"Ta nìyí?" Àrọ̀ bi í. "N ò mọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó rí báyìí."

"Àlejò ni mí, bàbá. Ṣé ti àlejò ni kò ní kárí?"

Ẹtu náà dá sí ọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé olùpín ló ń mú kẹ́yìn."

Àrọ̀ wo ìdí apẹ̀rẹ̀. Òfìfo ni. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó tu ohùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, Kọ̀ǹkọ̀ gbé e mì.

Òjò dé. Odò kún. Àgbàrá kó àwọn ọmọ Àrọ̀, wọ́n ń lọ. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á.

Kọ̀ǹkọ̀ rí i láti etídò. Àánú rẹ̀ ṣe é. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, màá bá yín pè wọ́n." Ó fi ohùn méjèèjì ké pọ̀. Àwọn ọmọ gbọ́ igbe àjèjì, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì túbọ̀ yára lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ẹja ti ń la ẹnu tó ń pa á dé nínú omi. Omi la rò pé ó ń mu. Bí òjò bá sì ti rọ̀, Kọ̀ǹkọ̀ a máa ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ń bá bàbá pe àwọn ọmọ ni.

Wọn ò tíì padà.