Ẹfọ̀n Etí Òkun

Ọdẹ ni Ọdẹ́wùmí, ìlú òkè ló ti wá, kò sì rí òkun rí. Ìkómọjáde ọmọ tí àbúrò rẹ̀, Mórádékẹ́, bí ló gbé e dé abúlé apẹja kan, níbi tí ilẹ̀ ti na ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wọnú òkun, tí omi yí i ká lọ́tùn-ún, lósì àti níwájú. Ó ti ṣèlérí ẹran ìgbẹ́ fún ìyá ọmọ, àmọ́ igbó kò fún un ní nǹkan kan kó tó kúrò nílé. Ojú ń tì í gan-an. Ọwọ́ òfìfo kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń gbé wá síbi ìkómọ.

Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ní òun ń lọ wo ṣóńṣó ilẹ̀ náà. Mafimisẹ́bi, bàbá ọkọ Mórádékẹ́, gbójú sókè nídìí àwọ̀n tó ń tún ṣe.

“Àna wa, ẹ ní sùúrù kí n mú yín lọ. Ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi tí àlejò ń dá lọ.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Ọmọ igbó kì í sọnù lórí iyanrìn.”

Arúgbó náà kò fẹ́ bá àna jiyàn, ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Ẹwà ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Iyanrìn funfun lọ salalu, akàn ń sá kiri, ẹyẹ ń já ṣòòròṣò mú ẹja lójú ìgbì. Inú Ọdẹ́wùmí dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìtìjú rẹ̀. Ó sọdá kòtò fífẹ̀ kan tí kò lómi, ó bọ́ sáàárín àwọn igi tó wà ní ṣóńṣó ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ẹrẹ̀ tútù lára gbogbo igi, ó ga tó àyà ènìyàn.

Ní ìlú òkè, ẹfọ̀n ló ń fi ara ẹlẹ́rẹ̀ ha igi bẹ́ẹ̀. Ọdẹ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Mórádékẹ́, ẹran rẹ dé!” Ó lúgọ sẹ́yìn igi, ó na ìbọn, ó ń retí.

Omi ló kọ́kọ́ dé. Ó kan kókósẹ̀ rẹ̀, kò kà á sí. Bí ọdẹ bá mira, ẹran á sá. Nígbà tó dé orúnkún, ó bojú wẹ̀yìn: kòtò tó sọdá ti di òkun. Kò sì mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù bà á gidigidi, ó ju ìbọn nù, ó gun igi, ó ń ké pe àbúrò rẹ̀.

Mafimisẹ́bi ló gbọ́ igbe rẹ̀, ó wa ọkọ̀ dé ìdí igi.

“Àna wa, kí lẹ ń ṣọ́ níbí?”

“Ẹfọ̀n ni, Bàbá. Mo rí ẹrẹ̀ rẹ̀ lára igi.”

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Òkun ló ń ha ara síbẹ̀ o! Lójoojúmọ́ ló ń kún gun àwọn igi wọ̀nyí. Ẹ rí ẹrẹ̀ lóòótọ́, ẹ ò rí ẹni tó fi í síbẹ̀.”

Ẹja ni wọ́n fi ṣe ìkómọ. Kí wọ́n tó jẹun tán, gbogbo abúlé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n, àwọn àgbà wọn ló sì sọ ọ́ di òwe tí a ń pa títí dòní pé: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.