Ata tí Ìyá Ògúndìran Bá Wí

Ní Àgọ́-Ọ̀pẹ, bí ẹnìkan bá ń ṣàròyé lórí ohun tí gbogbo èèyàn ń yìn, wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn wí fún un pé, "Kí o tó bá ata wí, bi ẹnu rẹ léèrè." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á wò sùn-ùn. Ta ní í bá ata wí? Kí sì ni ẹnu fẹ́ sọ? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ògúndìran. Kò sẹ́ni tó mọ epo ata ṣe bíi tirẹ̀ nílùú náà. Á sá ata sóòrùn, á yan án nínú agbada, á gún un pẹ̀lú irú, á wá da epo gbígbóná lé e lórí. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè pẹ́ nídìí ààrò mọ́, ó kọ́ Àyọ̀ká, ìyàwó ọmọ rẹ̀, níṣẹ́ náà. Ọdún méjì gbáko ni ìyá fi jẹ tọwọ́ Àyọ̀ká, tó sì ń yìn ín.

Ọyẹ́ ọdún kan ni ọ̀fìnkìn dá ìyá dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ti iṣu bọ inú epo ata, ó sì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, o ò yan ata yìí."

"Mo yan án, Ìyá."

"Ó kàn ń ta mí lẹ́nu lásán ni. Kò ní adùn kankan."

Àyọ̀ká tún un ṣe. Ìyá kọ̀ ọ́. Ó wá ata mìíràn lọ sí ọjà kejì, ìyá kọ̀ ọ́. Ó pa epo pupa tì, ó lo òróró ẹ̀pà, ó fi atalẹ̀ sí i. Àwọn ará ilé ń lá ìka. Ìyá ní omi gbígbóná sàn jù ú lọ. Ọwọ́ Àyọ̀ká ń ta á láti àárọ̀ dalẹ́, ìyá sì ń rù sí i, nítorí kì í jẹun tó mọ́. Ọjọ́ tí àbúrò ìyá Àyọ̀ká wá kí wọn ni ọ̀rọ̀ burú jù. Ìyá sọ lójú rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi bi ọmọ yín ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́, tó fi ń febi pa mí."

Àyọ̀ká gbé àwo náà tọ ọkọ rẹ̀ lọ. "Ẹ tọ́ ọ wò."

Ògúndìran tọ́ ọ wò. "Ó dùn."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ìyá mi ni, Àyọ̀ká. Ṣe sùúrù."

"Sùúrù wo ló kù tí n kò tíì ṣe?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé agbada, ata, irú àti epo síwájú ìyá. "Ìyá, ó ti sú mi. Ẹ ṣe é fúnra yín kí n wò ó. Bó bá dùn mọ́ yín lẹ́nu, mà á kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Bí kò bá dùn, mò ń lọ sílé bàbá mi."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí sídìí ààrò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Imú ló fi ń mọ ìgbà tí ata bá yan dáadáa. Ó ń yí i nínú agbada, ó ń yí i. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ewúrẹ́ ń sín, ará ilé ń wúkọ́, Ògúndìran sá jáde pẹ̀lú omijé lójú.

"Ìyá, ata ti jóná."

"Irọ́ ni. Òórùn rẹ̀ kò tíì jáde."

Àyọ̀ká wo èéfín, ó tún wo ojú ìyá. Ìyá gún ata náà, ó da epo sí i, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì. 

"Tèmi náà kò dùn," ló wí.

Àyọ̀ká bu irú sọ́wọ́. "Ẹ dijú, Ìyá." Ó gbé e sábẹ́ imú rẹ̀. "Kí nìyí?"

Ìyá fa imú títí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ irú ni, tí èèyàn ń gbóòórùn rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ìyá lajú, ó rí i. "Àìsàn ọyẹ́ yẹn ló gba òórùn lọ́wọ́ imú mi, tó sì gba adùn lẹ́nu mi," ló wí. "N kò mọ̀, ọmọ mi."

Ìbínú Àyọ̀ká kò tán lójú ẹsẹ̀. Ó gbé agbada tó jóná, ó ń ha á kíkankíkan láìwo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló yan ata tuntun. Ó din àlùbọ́sà gbẹ, ó dà á sínú epo ata náà, kí ìyá lè máa gbádùn bó ṣe ń ró lẹ́nu, bí kò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ìyá jẹ iṣu tán lọ́jọ́ náà.

Ó wá ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò ìyá Àyọ̀ká padà. Ibi tó ti bú ọmọ wọn gan-an ló jókòó sí. "Ẹ má bi ọmọ yín ní nǹkan kan mọ́," ló wí. "Ọmọ yín kò jẹ̀bi. Èmi ni mò ń bá ata wí láti ọjọ́ yìí, tí n kò bi ẹnu mi léèrè."

Àwọn tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń rojọ́ ní Àgọ́-Ọ̀pẹ fi ń gbọ́ ọ títí dòní: kí o tó bá ata wí, bi ẹnu rẹ léèrè.