Bí Òfàfà Ṣe Gun Igi, Tí Kò Sì Sọ̀kalẹ̀ Mọ́

Kí òfàfà tó di ẹran orí igi, ilẹ̀ ló ń gbé. Ìyẹn ti pẹ́ gan-an. Nígbà náà, àwọn ẹranko jọ ń dáko létí odò, wọ́n ń gbin iṣu, wọ́n sì ń kó èkùrọ́ jọ de ìgbà ọ̀wọ́n. Òfàfà wà láàárín wọn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láti sún mọ́ ọn.

Ní ọdún kan, odò kún àkúnya, ó sì gbé ọkọ Òfàfà lọ. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí òkú rẹ̀. Òfàfà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọmọ náà ní Bàbárímisá.

Òun nìkan kọ́ ni omi náà ṣe lọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù sunkún, wọ́n nu ojú, wọ́n padà sí oko. Òfàfà kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé kò sí ẹni tó lè sọ ìdí tí omi fi mú ọkọ tirẹ̀, tó sì fi ọkọ ẹlòmíràn sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ojú ọ̀run yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, gbogbo apá àríwá pọ́n bí epo pupa, pupa náà sì ń mì lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sí afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn bo oòrùn lọ́sàn-án gangan, àwọn ẹyẹ sì wọ ìtẹ́ lọ sùn. Ọkàn kò tíì balẹ̀ tí ilẹ̀ fi mì tìtì, tí bèbè odò sì ya lulẹ̀.

Gbogbo wọn sá tọ Ẹfọ̀n lọ, nítorí òun ló dàgbà jù. Ẹfọ̀n wo òkè títí. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí irú rẹ̀ rí, bàbá òun kò sì sọ ọ́ fún òun, òun kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó ní kí wọ́n lọ máa kọ ebè, òjò kò ní í pẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè dì mú. Òfàfà bá dìde láàárín wọn, ó gbé Bàbárímisá sẹ́yìn. Wọ́n tẹ́tí sí i.

"Ayé ló ń parí," ó ní. "Kí òjò tó dé, gbogbo ilẹ̀ yìí yóò rì. Àwọn tí omi gbé lọ yóò padà wá pàdé wa lórí àpáta tó wà lókè odò yìí. Ẹ má kọ ebè kankan mọ́."

Òkété, aládùúgbò rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, àwọn ọmọ náà kò tíì lajú.

"Ìyá Bàbárímisá," ó ní, "ta ló sọ fún ọ?"

Òfàfà mọ̀ pé kò sí ẹni tó sọ fún òun. Ìgbà tó ń wo pupa ojú ọ̀run ni èrò kan wọ inú rẹ̀, pé irú nǹkan ńlá báyìí kò lè ṣàdédé ṣẹlẹ̀, pé bí ayé bá parí, bóyá ẹni tó lọ á padà. Èrò náà dùn mọ́ ọn débi pé ó rí oorun sùn, èyí tí kò rí sùn láti ìgbà tí odò ti kún.

Ó wo Òkété lójú. "Olódùmarè ni," ó ní.

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n kó iṣu tí wọ́n fi pamọ́ fún gbígbìn jáde, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ èkùrọ́ tán. Ẹni tí ihò rẹ̀ wó kò tún un gbẹ́. Wọ́n wá gòkè lọ sórí àpáta, wọ́n jókòó sórí òkúta gbalaja níbi tí igi kankan kò sí. Ẹfọ̀n pàápàá bá wọn lọ, nítorí kò fẹ́ dá nìkan wà nísàlẹ̀. Òkété kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde láti inú ihò, ó ń fi ẹnu gbé wọn gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Ojú ọ̀run padà sí bó ṣe máa ń rí. Ilẹ̀ kò mì mọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n Òfàfà ní ìdákẹ́rọ́rọ́ náà gan-an ni àmì tó kẹ́yìn. Ojú ọ̀nà ló ń wò ní gbogbo ìgbà, níbi tó rò pé ọkọ òun yóò gbà wá.

Òjò ló gbabẹ̀ wá. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà dé lọ́sàn-án kan pẹ̀lú ìjì àti yìnyín. Kò sí ibi tí wọ́n lè sá sí. Òkété fi ara bo àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣàn omi orí àpáta ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí òjò dá, oòrùn yọ, oòrùn àná náà ni. Àwọn ọmọ Òkété kò mira mọ́.

Òkété yíjú sí Òfàfà.

"Ṣé Olódùmarè bá ọ sọ̀rọ̀ lóòótọ́?"

Òfàfà kò lè purọ́ mọ́. "Rárá," ó ní. "Ọkọ mi ni mo fẹ́ rí."

Òkété gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bó ṣe gbé wọn gòkè, ó sin wọ́n.

Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Ó ń rọ̀ sórí oko tí ẹnikẹ́ni kò ní ohun tí yóò gbìn sí. Ebi pa púpọ̀ nínú wọn kú, Ẹfọ̀n náà sì bá wọn lọ.

Kò sí ẹni tó lu Òfàfà, kò sí ẹni tó lé e. Bó bá ti yọ síbì kan ni wọ́n ń dákẹ́. Kò lè gba ẹnu ihò Òkété kọjá mọ́. Nígbà tí kò rí ibi gbà, ó pọn Bàbárímisá, ó gun igi gíga kan.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ní ọjọ́ tó gun igi náà, ó fẹ́ pe Òkété kí òun lè bẹ̀ ẹ́. Ó pè é jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti jìnnà. Ó gbé ohùn sókè, kò sí èsì. Ó tún gbé e sókè, ó tún gbé e sókè, títí ohùn náà fi di igbe, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì ya. Ohùn jẹ́jẹ́ náà kò padà mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni òfàfà ti fi orí igi ṣe ilé, tó ń ké bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, á máa ga sí i, títí igbe rẹ̀ yóò fi gba gbogbo igbó kan. Òkété ń gbọ́ ọ nínú ilẹ̀. Á fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀, á sì dí ẹnu ihò rẹ̀ láti inú.