Jáńgílófà Ọ̀bọ

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ dé o!
— Kó máa bọ̀, etí wa ń gbọ́!

Ọ̀bọ so jáńgílófà tuntun mọ́ ìrókò, ó ní ẹni tó bá gùn ún yóò fọwọ́ kan sánmà. Àgbò gùn ún, ó ní, "Atẹ́gùn lásán!" Ewúrẹ́ gùn ún, ó ń ké, "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!" Ó wá kan Adìẹ. Òun ò wá ṣeré. Ó rò pé Àwòdì ti gbé ọmọ òun, ó fẹ́ lọ gbà á lókè. Ẹ bá mi gbè é:

Jáńgílófà, gbé mi ròkè — Fìrì!
Kí n gbọ́mọ mi bọ̀ wálé — Fìrì!

Jáńgílófà fì í sókè, sánmà ṣì jìnnà réré. Ó bú sẹ́kún. Ó wo ìsàlẹ̀, àṣé ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn àká, ó ń ṣa ikán jẹ!

Ọ̀bọ bi í pé, "Ṣé ọwọ́ rẹ kan sánmà?"

"Rárá o," Adìẹ mí kanlẹ̀, "ṣùgbọ́n ó ga tó!"

Ibẹ̀ lèmi náà ti sọ̀ kalẹ̀ o.