Ọyáwùmí, Ẹni tí Ó Fi Ìkíni Ṣọ́ Òkè

Gómìnà ti búra. Ó ní kí ìrèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn tó tó gé, kò ní sí ẹ̀dá alààyè kan tí yóò máa dáná lórí òkè náà mọ́. Àwọn tí ó sì ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, ènìyàn wa ni wọ́n: àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun lọ sí erékùṣù ìrèké, tí wọ́n já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n gun òkè lọ tẹ̀dó. Ẹ̀gẹ́ wọn kò tíì ta dáadáa. Ahéré wọn ṣì ń jò. Ìbọn tí wọ́n rí kó kò tó nǹkan, òjò sì ti ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ogun òyìnbó ti pàgọ́ yí òkè ká bí eèrà ṣe ń yí oyin ká. Ìyẹn nìkan kọ́. Gómìnà tún ti háyà àwọn tí ń fi mímú ẹrú tó sá ṣe iṣẹ́, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára wa. Ọ̀tá tó bá jọ ọ́, inú ilé ló ti máa ń bá ọ jà.

Ọyáwùmí ni gbogbo wọn ń wò lójú. Ọyáwùmí Àjọkẹ́, obìnrin gìrìpá, ẹ̀fúùfù tí í gbá ewé gbá ẹ̀gún, a-báná-gbé-má-jóná. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lóko ẹrú, òun ló ń koná nílé tí wọ́n ti ń se omi ìrèké di ṣúgà, apá rẹ̀ méjèèjì sì kún fún àpá iná. Lọ́jọ́ tí alábòójútó oko na aboyún kan títí ó fi ṣubú lulẹ̀, Ọyáwùmí bu omi ìrèké tó ń hó, ó dà á sílẹ̀ níwájú bàtà ọkùnrin náà. Ó ní, "Tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kí n rí i." Kò gbé e. Ibẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gé ìrèké gbé àdá sókè, wọn kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ sára ìrèké mọ́. Oko jó, ilé ìsè jó, wọ́n dorí kọ òkè.

Wọn ì bá dé òkè láìfarapa bí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń yọ́ gba etí oko kọjá, àwọn ọmọ ogun sì ń sinmi lábẹ́ igi nítòsí ibẹ̀. Wọ́n ti bá ara wọn ṣàdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Bàbá arúgbó kan, ẹrú bíi tiwọn, ló jókòó létí ọ̀nà tó ń hun agbọ̀n. Ọdẹ́kúnlé, àbúrò Ọyáwùmí tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, rí àgbàlagbà tó tẹ̀ ba iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Ọ̀ọ̀ o, ọmọ mi," ni bàbá náà wí láìgbójú sókè. "O ṣeun."

Ìbọn ló dáhùn tẹ̀ lé e. Ọdẹ́kúnlé ṣubú, àwọn mìíràn ṣubú tì í. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò kọjá lára àgbà tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i? Kò sí. Ohun tó pa wọ́n nìyẹn.

Nígbà tí ìbúra gómìnà dé etí wọn lórí òkè, wọ́n pe ìpàdé. Bàbá Ṣóyẹmí, àgbà inú wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìkíni ló pa wá," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí a fòfin dè é. Kí ẹnikẹ́ni má kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ogun yóò fi tán."

Gbogbo ojú yí sí Ọyáwùmí, nítorí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló ta sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó lọ́wọ́. Ó bó o tán kó tó dìde.

"Bàbá, ẹ ò purọ́. Ìkíni ló pa Ọdẹ́kúnlé, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi pa á lójú dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Òyìnbó gba orúkọ wa. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ wa, ó tà á. Ó gba oorun lójú wa. Kí ló kù tí kò rí gbà? Ẹ-kú-iṣẹ́ ló kù. Bí a bá wá fi ọwọ́ ara wa sọ ìyẹn nù, kí la gun òkè wá gbà là? Awọ lásán? Ẹni tó bá lè gba ẹ̀gbẹ́ obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ kọjá tí kò kí i, kì í ṣe ara wa, ì báà dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ bíbó lọ sí ẹnu ọ̀nà òkè. Ibẹ̀ la ó ti mọ ẹni tó ń bọ̀."

Àkànní tó ń ṣọ́ ìbọn ní, "Ìyá, ogun ń bọ̀, ẹ ní ká lọ fi èèpo ẹ̀gẹ́ jà?"

"Ìwọ yìn ìbọn rẹ tó ti mu omi yó yẹn ná, ká gbọ́ bó ṣe ń dún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin òkú wọn, wọn kò rẹ́rìn-ín rí.

Báyìí ni Ìyá Ẹfúntádé, tí kò léyín mọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú ju àdá, ṣe lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà tóóró tó wọ òkè. Bí ó bá dojú igbá rẹ̀ bolẹ̀, kí àwọn tó wà lókè mọ̀ pé ọ̀tá ti wọlé. Ọyáwùmí fúnra rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpáta lókè ibẹ̀, òun àti àwọn tó ti kó òkúta jọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun. Bí ó bá ṣì í, ohun tó pa àbúrò rẹ̀ ni yóò pa gbogbo ìlú.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú kan dé. Aṣọ wọn ti fàya, àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń sunkún. Èyí tó ṣáájú gbọ́ èdè wa dáadáa.

"Ẹ gbà wá o! Wọ́n ń lé wa bọ̀! Olórí yín dà?"

"Ẹ máa gòkè," ni Ìyá Ẹfúntádé wí. "Ọ̀nà yẹn náà ni."

Wọ́n ń kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó kí i. Ọ̀kan tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ìyá ti ń lọ sídìí igbá nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn wọn dúró, bàbá arúgbó kan tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ aṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Ọyáwùmí yọjú lẹ́yìn àpáta. Ó mọ ohùn náà. Ohùn tó dá Ọdẹ́kúnlé lóhùn ni.

"Ọ̀ọ̀ o," ni Ìyá Ẹfúntádé wí. "Ẹ ṣeun." Ó fi ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ gé okùn náà, ó fa bàbá sẹ́yìn òkúta, ó sì dojú igbá bolẹ̀.

Òkúta yí lu àwọn tó wà nínú ọ̀nà tóóró náà; kò sẹ́ni tó bọ́ níbẹ̀. Wọ́n mú bàbá wá síwájú Ọyáwùmí. Ó ní àwọn tí gómìnà háyà ló fi okùn fa òun wá láti júwe ọ̀nà. Ó ní àwọn ọmọ ogun wà ní àfonífojì, èéfín ni wọ́n ń retí. Bí èéfín bá ti rú, wọn yóò mọ̀ pé ọ̀nà ti ṣí. Ó wo Ọyáwùmí títí.

"Ìwọ lẹ̀gbọ́n ọmọ tó kí mi; mo rí ọ tí o ń pa á lójú dé. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò kí mi mọ́."

Ọyáwùmí kúnlẹ̀ wọlẹ̀. "Ẹ kú ewu, bàbá."

Ó dìde, ó lọ koná. Ta ló mọ bí a ṣe ń koná tó o? Ó fi ewé tútù bò ó, èéfín rú dé ọ̀run. Àwọn ọmọ ogun fi ìdùnnú rọ́ wọ ọ̀nà tóóró náà. Òkúta tó kù ló pàdé wọn. Àwọn tó lè sá ju ìbọn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù gbígbẹ, Àkànní sì kó o tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tó yá, gómìnà rán òyìnbó kan wá pé òun fẹ́ àdéhùn. Ọkùnrin náà dúró sínú oòrùn níwájú Ìyá Ẹfúntádé, ìyá ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ, kò wò ó. Ògbufọ̀ rẹ̀ sọ nǹkan sí i létí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Níkẹyìn ó ṣí àkẹtẹ̀ lórí, ó fi ahọ́n tó wúwo wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́."

"Ọ̀ọ̀ o," ni ìyá wí. "Ẹ máa kọjá."

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún gun òkè náà wá mú ẹrú mọ́. Òkè Ìkíni ni wọ́n ń pe ìlú ọ̀hún. Títí di òní, obìnrin kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gẹ́, ìyàwó tuntun a sì kọ́kọ́ kí i kó tó wọ ilé ọkọ. Ọmọ tó bá kọjá lára àgbà láìkí i, wọn a ní, "Àbí gómìnà ni ọ́?" Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n sin Ọyáwùmí sí. Ẹni tó bá ń kọjá níbi ibojì rẹ̀ kì í sunkún, kì í sì í ki oríkì. A rọra tẹrí ba, a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," nítorí wọ́n gbà pé kò tíì ṣíwọ́.